Ilé Ọba Tó Wó àti Afárá Tí Ọkọ̀ Kò Gbà Mọ́

Màmá mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo fi àwòrán afárá kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, afárá ọkọ̀ ojú irin tó wà ní Conisbrough, lẹ́bàá Doncaster tí mò ń gbé ní Ìlú Ọba níbí. Wọ́n wò ó, wọ́n pè mí. "Àkànní, afárá yìí mà ga o. Ọkọ̀ ibo ló ń gbà á?" Mo ní kò sí ọkọ̀ tó ń gbà á mọ́, láti 1966 ni ọkọ̀ ti já a sílẹ̀. "Ta ló wá ń gbà á?" Mo ní àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kí ara wọn lè le, àwọn tó ń mú ajá wọn najú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Gbogbo bíríkì yìí, torí ajá?"

A jọ rẹ́rìn-ín, a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ n gbádùn. Afárá yẹn nìkan kọ́ ló dúró níbẹ̀ láìníṣẹ́. Kò jìnnà sí i rárá tí ilé olódi àtijọ́ kan fi wà lórí òkè, àwókù ni òun náà. Àwọn ìjòyè ló kọ́ ọ̀kan, èédú ló kọ́ èkejì, kò sì sí èyí tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ mọ́. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń náwó sí wọn kí wọ́n má baà wó tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé mi dé ọjọ́ méjì kan nínú oṣù Keje ọdún 1912 tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn.

Wíwó ló gbà á lọ́wọ́ wíwó

Odò Don ló la àdúgbò náà kọjá. Hamelin ni ẹni tó kọ́ ilé ìṣọ́ gíga tó wà láàárín ilé olódi náà, ní nǹkan bí 1180 sí 1190. Ọmọ bàbá kan náà ni òun àti Ọba Henry Kejì, ṣùgbọ́n wọ́n kò bí tirẹ̀ sínú ìgbéyàwó. Ìyàwó ló sọ ọ́ di onílẹ̀: ó fẹ́ Isabel de Warenne ní 1164, gbogbo ogún ìdílé obìnrin náà bọ́ sí i lọ́wọ́, òun náà sì gba orúkọ ìdílé wọn. Àwọn ọkọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lóde òní pàápàá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó mọ́ láàárín ara wa.

Róbótó ni ilé ìṣọ́ náà rí. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ga tó mítà 28, ògiri rẹ̀ nípọn ju mítà 4 lọ, òpó ràgàjì 6 sì tì í lẹ́yìn yí ká. Yàrá àdúrà kékeré kan wà tí wọ́n gbẹ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn òpó náà. Ẹni tó bá ń gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mọlé lè wo ibẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ìṣubú rẹ̀ ló fa èmi mọ́ra ju gíga rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ odi náà lé kò fara rọ. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ rán èèyàn lọ yẹ ibẹ̀ wò ní 1537 sí 1538, wọ́n bá ẹnubodè nílẹ̀, wọ́n bá afárá àbáwọlé nílẹ̀, apá kan odi náà ti yọ̀ lọ sísàlẹ̀ òkè, àjà kan nínú ilé ìṣọ́ sì ti já. Kò sí ẹni tó tún un ṣe.

Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọba àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Láti 1642 títí ogun fi rọlẹ̀, ilé olódi yòówù tí ọmọ ogun bá lè sá sí, wọ́n á dó tì í, wọ́n á rọ̀jò àgbá lé e. Bí wọ́n bá sì gbà á tán, wọ́n sábà máa ń wó o kí ẹlòmíràn má baà tún ríbi forí pamọ́ sí. Pontefract, tí kò jìnnà sí Conisbrough, tó jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tó le jù lọ ní gbogbo àríwá, wọ́n wó o ní 1649, díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀ lónìí. Ti Conisbrough ńkọ́? Kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Kí ni jagunjagun fẹ́ fi odi tí kò ní ẹnubodè ṣe? Ìyà tó ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ni kò jẹ́ kí ìyà ńlá dé bá a. Igi tó dára kì í pẹ́ nígbó. Igi wíwọ́ ni a sábà máa ń bá níbẹ̀ nígbà tí gbogbo èyí tó tọ́ bá ti lọ tán.

Báyìí ni ilé ìṣọ́ náà ṣe wà nílẹ̀ di ìgbà tí Walter Scott rí i, tó sì fi í sínú ìtàn àròsọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Ivanhoe ní 1819. Ó pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Saxon tó wà níbẹ̀ kí àwọn Norman tó ti Faransé wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ta lọ́jà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá wo Conisbrough, ìyẹn sì wúlò fún wa níwájú.

Èédú ló bí afárá

Afárá kò ní ìtàn ìjòyè kankan. Lábẹ́ gbogbo ilẹ̀ àfonífojì Dearne ni èédú wà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wà á sì fẹ́ ojú irin tí yóò máa gbé e lọ síbi tí ọkọ̀ òkun yóò ti gbà á. Báyìí ni Dearne Valley Railway ṣe dé. Nígbà tí ojú irin náà kan odò Don ní Conisbrough, odò jìn sísàlẹ̀, ilẹ̀ ga ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí ọgbọ́n mìíràn ju afárá lọ.

Ní 1906 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ta okùn irin gbọọrọ kọjá lórí odò, wọ́n ń fi í gbé ẹrù àti ohun èlò láti apá kan dé èkejì. Blondin ni wọ́n ń pe irú okùn bẹ́ẹ̀, torí ọkùnrin ará Faransé tó fẹsẹ̀ rìn lórí okùn kọjá odò Niagara ní 1859. Ojú 14 ni wọ́n mọ sí apá ìlú Conisbrough, olórí títẹ̀ bí òṣùmàrè, ojú 7 sí apá Cadeby ní òdìkejì odò, wọ́n wá fi irin tó gùn tó mítà 46 so méjèèjì pọ̀ lórí odò gan-an. Láti orí irin yẹn sí ojú omi tó mítà 34. Ní ti bíríkì tí màmá mi ń sọ, bíi mílíọ̀nù 15 ni wọ́n lò.

Ọkọ̀ èédú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú irin náà ní 1909. Ọkọ̀ èrò kò dé títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1912, ọkọ̀ kékeré kan ni. Wọ́n fòpin sí i ní 1951. Ilé iṣẹ́ ojú irin pọ̀ jù ní àdúgbò yẹn tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ń du èédú kan náà. Nígbà tí ìjọba sọ gbogbo ojú irin di tirẹ̀ ní 1948, ó hàn gbangba pé ọ̀nà méjì-mẹ́ta ń lọ síbi tí ọ̀nà kan ì bá tó. Ní 1966 ó kan afárá Conisbrough. Ọdún 57 péré ló fi ṣiṣẹ́.

Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìṣọ́ Hamelin tó ti lé ní ọdún 800, ó sì yà mí lẹ́nu. Èyí tó wúlò jù ló tètè di aláìwúlò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ fún, nígbà tí iṣẹ́ náà tán, ìdí tó fi wà láyé tán pẹ̀lú.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ èédú kí n má sọ ti àwọn tó ń wà á. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ni kòtò èédú Denaby àti ti Cadeby, nítòsí Conisbrough, òun náà ló ni àwọn ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé ní Denaby. Ní 1902 àwọn awakùsà daṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́: wọ́n ń wa ìdọ̀tí tó wà láàárín èédú, owó tó tọ́ sí wọn lórí rẹ̀ kò sì wọlé. Ìjà náà wọ ọdún tuntun. Ní oṣù Kìíní 1903, nínú òtútù, ilé iṣẹ́ náà ní kí wọ́n lé wọn jáde nílé, tìyàwó tọmọ, àga àti ibùsùn di ti ìta. Abẹ́ àgọ́ ni àwọn kan sùn, ilé ìsìn ni àwọn mìíràn sá sí. Ẹni tó ti gbé yàrá háyà rí mọ ohun tí ìbẹ̀rù onílé ń ṣe fún èèyàn. Ká wá sọ pé onílé ẹni náà ni ọ̀gá ẹni níbi iṣẹ́. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbẹ̀yìn láìrí ohun tí wọ́n jà fún.

Ọjọ́ tí ọba wá wo àwókù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù Keje 1912. Ọba George Karùn-ún àti Ayaba Mary ń ṣàbẹ̀wò sí àdúgbò náà, Wentworth Woodhouse, ilé ọlọ́lá kan tó gbajúmọ̀, ni wọ́n dé sí. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n wá sí Conisbrough láti wo ilé olódi. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí bí ọba bá ń bọ̀ wá sílùú. Tọmọdé tàgbà ló jáde. Nínú àwọn awakùsà, ọ̀pọ̀ ni kò lọ síbi iṣẹ́, àwọn tó sì ti ṣe fàájì láti àárọ̀ kò rí ìdí tí wọ́n fi máa wọ kòtò lóru. Nígbà tí iṣẹ́ alẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Cadeby, èèyàn 111 ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Iye tó máa ń wà níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9, nǹkan bú gbàmù ní apá gúúsù kòtò náà. Èédú tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti wà tán máa ń gbóná fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gbiná; afẹ́fẹ́ tó máa ń gbiná tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà ni yóò sì gba iná yẹn lò. Irú iná bẹ́ẹ̀ wà ní apá gúúsù Cadeby, àwọn alákòóso sì ti mọ̀ pé ó wà. Ọkùnrin 35 kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí mo ti máa ń dúró nínú ìtàn yìí rèé. Ìròyìn dé òkè, wọ́n ń kanlẹ̀kùn kiri, àwọn ọkùnrin ń dìde lórí ibùsùn wọn. Mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá lára wọn ni ẹni tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ lóru yẹn, tó jẹ́ pé ọba tó lọ wò ló dá a dúró sílé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti bọ́. Ó lè jókòó ti ìyàwó rẹ̀ kó máa dúpẹ́. Kò sí òfin tó ní kó lọ. Ṣùgbọ́n ilé ẹnìkejì ló dákẹ́ yẹn, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú àgọ́ ní 1903 lè wà lábẹ́ òkúta báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbàlà wọ kòtò lọ, àwọn awakùsà tẹ̀ lé wọn, àwọn ayẹ̀wò kòtò tí ìjọba yàn náà wọlé. William Henry Pickering, ọ̀gá àgbà ayẹ̀wò kòtò fún Yorkshire, kò rán ọmọ iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló lọ.

Lọ́jọ́ kan náà, bí wọ́n ṣe wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń gbé òkú, tí wọ́n ń wá ẹni tó lè ṣì ní èémí, ó tún bú lẹ́ẹ̀kejì. 53 nínú wọn kú, Pickering àti ayẹ̀wò 2 mìíràn wà lára wọn. Nígbà tí 3 nínú àwọn tó fara pa níbi ìbúgbàmù kìíní tún kú, gbogbo rẹ̀ di 91.

Ọba kò fagi lé ètò ọjọ́ náà. Ó wọ kòtò èédú kan ní Elsecar láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun àti ayaba wá sí Cadeby láti bá àwọn èèyàn dárò. Mi ò rí ohun tí mo lè bá wọn wí lórí ìyẹn. Wọ́n wá, ọ̀pọ̀ alágbára kì í wá.

Ta ló gba ta là?

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn yìí ni pé ọba ló gba ọ̀pọ̀ awakùsà là. Ó dùn ún gbọ́, ó sì jọ òótọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí kò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tí yóò fi ní Olúwa ló rán ọba náà níṣẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tọ okùn náà padà. Ká ní ilẹ̀ Conisbrough kò yọ̀ láyé ọjọ́un ni, ẹnubodè náà ì bá dúró. Bí ẹnubodè bá dúró, àwọn ọmọ ogun ì bá kó sínú odi náà ní nǹkan bí 1640 sí 1650, àwọn ọ̀tá wọn ì bá sì wó o bí wọ́n ṣe wó Pontefract. Kí ni ọba ì bá wá wò ní 1912? Láti orí ilẹ̀ tó yọ̀ títí dé orí ọkùnrin tó sùn sílé lóru ọjọ́ Ajé, kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun ń gba ẹnikẹ́ni là. Àìwúlò ilé kan ló ṣe é, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó fún ara rẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ kan tí ọ̀gá kò fẹ́ fún un.

Àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ gbani là ni àwọn 53. Wọ́n pọ̀ ju àwọn tí wọ́n lọ gbà lọ. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé bí èèyàn bá ń ka ìtàn ọjọ́ yẹn, ọba ni yóò kọ́kọ́ pàdé, lẹ́yìn náà ni yóò tó kan wọn.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òtítọ́ ni, Conisbrough jẹ́rìí sí i. Wíwó tó wó ló sọ ọ́ di ohun àwòyanu, ìyẹn ló mú òǹkọ̀wé wá, òǹkọ̀wé mú àlejò wá, ọba náà wá. Ní ọdún 1990 sí 2000 wọ́n tún ṣe àjà àti òrùlé tuntun sínú ilé ìṣọ́ náà, English Heritage, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ̀rọ̀ nípa ilé awakùsà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí wọ́n lé èèyàn jáde nínú rẹ̀ ní Denaby ni wọ́n ti wó, ẹwà kankan kò bù sí i. Kòtò Cadeby kógbá sílé ní 1986. Wọ́n kọ́ ibi ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Earth Centre sórí ilẹ̀ rẹ̀, owó rẹpẹtẹ wọ ibẹ̀, ó ṣí ní 1999, ó sì ti kógbá wọlé nígbà tó fi di 2004. Iṣẹ́ èédú náà, tó fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wá sí àfonífojì yẹn, ohun tó kù nínú rẹ̀ tí ojú lè rí láti ọ̀nà jíjìn kò tó nǹkan.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá ẹni tó bá ní kí wọ́n wó afárá yẹn gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ kò ní ilé olódi. Bí a bá ń tọ́jú òkúta Hamelin nítorí pé ó jẹ́ ọmọ bàbá ọba, a lè tọ́jú mílíọ̀nù 15 bíríkì nítorí àwọn tó ń wa èédú tó gbà á kọjá. Bí ajá bá sì ń rí ibi rìn níbẹ̀, kò pa wá lára. Èmi gan-an máa ń lọ, mi ò sì ní ajá.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ lè rìn láti ilé olódi dé afárá kí ẹ má gbọ́ ohunkóhun tó so méjèèjì pọ̀ mọ́ oru ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 9 oṣù Keje yẹn bí ẹ kò bá wá a fúnra yín. Nítorí náà, bí ẹ bá wá sí agbègbè Doncaster, ẹ wo ilé ìṣọ́ náà, ẹ gorí afárá, ṣùgbọ́n ẹ má padà sílé láìdé ibi ìsìnkú Denaby, níbi tí ìrántí àwọn tó kú ní Cadeby wà. Ilé ọba ń gba owó ìwọlé. Ti Denaby, ọ̀fẹ́ ni.